Eérú, Ọsàn Wẹ́wẹ́ àti Ewé Ìpin: Bí A Ṣe Lè Mú Ilé Mọ́ Láì Náwó Púpọ̀ ní Òkè-Ògùn

ÒWE: Ọ̀bùn ríkú ọkọ tìrànmọ́, ó ní láti ọjọ́ tí ọkọ òun ti kú, òun kò tíì wẹ̀.

ÀLÀYÉ: Ẹni tí a ti mọ̀ ní ọ̀bùn tẹ́lẹ̀ ni a ń pa òwe yìí mọ́. Ìdọ̀tí ti wà lára obìnrin náà kí ọkọ rẹ̀ tó kú. Ikú ọkọ kàn fún un ní àwáwí ni. Lóde òní, àwáwí tí a máa ń gbọ́ jù lọ ni pé ọjà wọ́n. Òótọ́ sì ni. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, owó ọkọ̀ gòkè, owó ọjà sì tẹ̀lé e. Ọṣẹ oníyẹ̀fun àti oríṣiríṣi omi olóòórùn dídùn tí wọ́n ń tà nínú ike kò gbẹ́yìn. Síbẹ̀, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ wa, púpọ̀ nínú ohun tí a ń fi owó rà fún ìtọ́jú ilé ni ó ní ẹgbẹ́ rẹ̀ nídìí ààrò àti nínú ọgbà. Ohun tó ṣòro níbẹ̀ ni kí á mọ èyí tó bá ìdọ̀tí wo mu, àti èyí tí kò gbọdọ̀ bá ẹnì kejì rẹ̀ pàdé nínú garawa kan náà.

Òkè-Ògùn ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ nínú àlàyé yìí. Agbègbè náà ní ìjọba ìbílẹ̀ 10 nínú 33 tó wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, láti Ìsẹ́yìn lọ dé Ṣakí, títí dé Kíṣì àti Ìgbẹ́tì. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni. Láti orí òkè nítòsí Ṣakí ni odò Ògùn ti ṣàn wá, òun ni a sì fi sọ agbègbè náà lórúkọ. Igi emi tí a ń rí òrí lára rẹ̀, àti igi irú, ń dá hù nínú oko níbẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn omi a máa ṣọ̀wọ́n, ọyẹ́ a sì máa gbé eruku wọlé láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹni tó bá ń gbé irú ibẹ̀ kò lè máa da omi nù bí ẹni tó ń gbé etí ọ̀sà. Ó gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń fi omi díẹ̀ bá ìdọ̀tí púpọ̀ jà.

OHUN TÍ ÈDÈ WA TI SỌ FÚN WA

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo èdè Yorùbá fúnra rẹ̀. A kì í lo ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo fún gbogbo ìmọ́tótó. A ń wẹ ara, a ń bọ́ ojú, a ń ṣan ọwọ́. A ń fọ aṣọ àti abọ́, a ń gbá ilẹ̀, a ń nu tábìlì, a ń ha ìdí ìkòkò, a ń gbọn ẹní, a sì ń sá ibùsùn sí oòrùn. Bí ọmọ bá sọ fún ìyá àgbà pé òun fẹ́ lọ "fọ ojú", ìyá àgbà lè gbé ọwọ́ lé àyà, nítorí pé fífọ́ ojú jìnnà sí bíbọ́ ojú.

Nígbà tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ọ̀rọ̀-ìṣe, àwọn wọ̀nyí ni mo fẹ́ràn láti fi ṣe àpẹẹrẹ, torí pé ọgbọ́n kan wà nínú wọn. Ìdọ̀tí kọ̀ọ̀kan ní ọwọ́ tirẹ̀. Ọ̀rá tó lẹ̀ mọ́ abọ́ kò dà bí ìpẹtà tó wà lára ọ̀bẹ, ìpẹtà kò sì dà bí èéfín tó dì mọ́ ìdí ìkòkò. Eérú ló ń ṣẹ́gun ọ̀rá. Ohun kíkan bí ọsàn wẹ́wẹ́ ló ń ṣẹ́gun ìpẹtà. Ohun tó ṣe háráhárá bí ewé ìpin àti yanrìn ló ń ṣẹ́gun èéfín. Ẹni tó bá mọ mẹ́ta yìí ti mọ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo fẹ́ sọ.

EÉRÚ

Bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Níbi òkú àgbà ni a ti sábà máa ń gbọ́ òwe yìí, tí a fi ń ki àwọn ọmọ olóògbé láyà kí wọ́n lè di ipò òbí wọn mú. Ó wù mí kí á ṣàkíyèsí pé iná àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí òwe náà pè pọ̀ ń ṣiṣẹ́ pọ̀ lóòótọ́. Èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a sá gbẹ, tí a sì jó, wà lára ohun tí eérú rẹ̀ dára fún ọṣẹ dúdú. Ní ilẹ̀ igbó, èèpo kòkó ni wọ́n máa ń jó fún un. Ní ọ̀dàn tiwa, eérú igi ìdáná lásán ti tó fún iṣẹ́ ilé.

Kí ló wà nínú eérú? Iyọ̀ kan wà nínú eérú igi tí omi máa ń fà yọ. Kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀ o. Irú eérú bẹ́ẹ̀ ni àwọn Lárúbáwá ń pè ní al-qali, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ alkali tí àwọn ọmọ ń kà nínú sáyẹ́ǹsì ti wá. Àwọn òyìnbó ní tiwọn ń se omi eérú gbẹ nínú ìkòkò, wọ́n sì ń pe ohun tó kù ní potash, èyí tó túmọ̀ sí eérú ìkòkò. Ní ọdún 1807, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan tí ń jẹ́ Humphry Davy rí ohun tuntun kan yọ láti inú irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ó sì sọ ọ́ ní potassium. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń kọ́ kẹ́mísìrì, eérú ìdí ààrò ìyá yín ló fún ohun yẹn lórúkọ.

Iṣẹ́ tí iyọ̀ inú eérú ń ṣe ni pé ó ń gbá ọ̀rá mú, débi tí ọ̀rá tí kò gbọ́ ti omi tẹ́lẹ̀ yóò gbà kí omi gbé òun lọ. Bí a bá se omi eérú tó le pẹ̀lú àdín tàbí òrí, ọṣẹ ni yóò dà. Nítorí náà, ẹni tó ń fi eérú fọ abọ́ ọlọ́ràá ń ṣe ọṣẹ díẹ̀ lójú abọ́ náà láìmọ̀.

Bí a ṣe ń lò ó nìyí. Ẹ jẹ́ kí eérú tutù pátápátá, ó kéré tán di ọjọ́ kejì, torí pé ẹ̀yinná lè sá pamọ́ sínú rẹ̀ fún wákàtí púpọ̀. Ẹ fi asẹ́ kù ú kí èédú àti òkúta wẹ́wẹ́ lè kúrò nínú rẹ̀. Ẹ pọ́n kànìnkànìn lómi, ẹ tọ́ ọ bọ inú eérú, kí ẹ sì fi fọ abọ́, ọpọ́n, àwo tánganran tàbí ìgò tó ní òróró. Ẹ ṣan án lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀kúnwọ́ eérú kan lè fọ abọ́ ilé ẹlẹ́ni mẹ́fà.

Fún ilẹ̀ ilé ìdáná tí epo ti dà sí àti ògiri tí òróró ti ta sí, omi eérú ló dára jù. Ẹ bu eérú tí a ti kù sínú garawa dé bí ìdá mẹ́rin rẹ̀ kan, ẹ da omi lé e, ẹ rò ó, kí ẹ sì fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Eérú yóò sùn sí ìsàlẹ̀. Omi òkè yóò pọ́n díẹ̀ bí tíì tí kò le. Omi òkè yìí ni kí ẹ rọra dà sínú nǹkan mìíràn. Ó máa ń yọ̀ lọ́wọ́ bí omi ọṣẹ. Bí ẹ bá fi kan ọwọ́ tó sì ń ta yín, ó ti le jù, ẹ fi omi sí i. Ẹ má jẹ́ kí ó ta sí ojú ọmọ. Bí ó bá ta sí i, omi tútù ni kí ẹ máa dà sí ojú náà fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán, lẹ́yìn náà kí ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ̀rí mìíràn nípa agbára eérú wà lọ́wọ́ àwọn aláró wa àtijọ́. Láti inú ìkòkò tí a dá ihò sí ìdí rẹ̀ ni wọ́n ti ń sẹ́ omi eérú tí wọ́n fi ń po ẹ̀lú, tí wọ́n fi ń pa òwú ẹtù láró kí ó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ahunṣọ. Àwọn tó ń wọ aṣọ òkè Ìsẹ́yìn lónìí kì í sábà rántí pé eérú lọ́wọ́ nínú ẹwà ẹtù.

Ohun mẹ́ta ni kí á ṣọ́ra fún nípa eérú. Àkọ́kọ́, eérú igi gidi ni kí ó jẹ́. Eérú ibi tí a ti sun láílọ́ọ̀nù, ike, táyà tàbí pákó tí wọ́n kùn lọ́dà ní májèlé nínú, kò yẹ lára abọ́ oúnjẹ. Èkejì, ẹ má ṣe rẹ ìkòkò alumíníọ̀mù sínú omi eérú, torí pé ó máa ń jẹ irú irin fífúyẹ́ bẹ́ẹ̀, á sì sọ ọ́ di dúdú. Ẹ̀kẹta wà nínú òwe: Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Gbogbo wa mọ ìtumọ̀ rẹ̀ lórí ìwà ìkà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá da eérú sí ojú ọyẹ́ ní Ṣakí lóṣù kìn-ín-ní yóò rí i pé ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe náà ti fojú rí i rí. Ẹ kọ ẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́, ẹ sì bomi rin eérú díẹ̀ kí ẹ tó gbé e.

EWÉ ÌPIN ÀTI YANRÌN

Inú ìkòkò dúdú ni ẹ̀kọ funfun ti ń jáde. Òwe náà kò ní kí ìdí ìkòkò máa dúdú títí ayé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti gbọ́ tí ọmọbìnrin kan fi gbèjà ara rẹ̀ nígbà tí ìyá rẹ̀ ní kí ó lọ ha ìkòkò!

Ewé ìpin, tí àwọn mìíràn ń pè ní èpin, ni ewé kan tí ojú rẹ̀ ṣe háráhárá bí ahọ́n ológbò. Igi rẹ̀ jẹ́ ọmọ ìyá igi ọ̀pọ̀tọ́. Àwọn agbẹ́gilére ilẹ̀ Yorùbá ti ń fi í dán ère àti ìlẹ̀kùn kí páálí onígbọnrin tó dé, àwọn onígbá náà sì ń fi í dán igbá. Nínú ilé, a lè fi í ha ọpọ́n ìgúnyán, ìjókòó onígi, ọmọrọgùn, igbá àti tábìlì oúnjẹ tí a kò kùn. Ewé tútù ni ó dára. Ẹ fi omi wọ́n ojú igi, ẹ máa ha á lọ ní ọ̀nà tí igi gbà là, kí ẹ sì ṣan án. Ewé márùn-ún tàbí mẹ́fà tó fún odó kan.

Lẹ́yìn tí igi bá gbẹ, ẹ fi òrí díẹ̀ pa á. Òrí pọ̀ ní Ṣakí àti agbègbè rẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ fi mọ sí ara àwa nìkan. Ọyẹ́ tó ń la ètè wa náà ló ń la ìlẹ̀kùn àti àga. Ẹ fi aṣọ nu ìyókù kúrò kí eruku má baà rí ibi lẹ̀ mọ́.

Yanrìn odò ni ti ìdí ìkòkò irin. Ẹ fi kànìnkànìn tó ti gbó gbá yanrìn àti ọṣẹ dúdú díẹ̀ pọ̀, kí ẹ fi ha á. Àmọ́ ìmọ̀ràn tó dára jù ni kí ẹ tó gbé ìkòkò kaná. Ẹ po eérú tàbí amọ̀ pẹ̀lú omi kí ó ki, kí ẹ fi pa ẹ̀yìn ìkòkò yíká. Ara amọ̀ ni èéfín yóò dì mọ́, bí ẹ bá sì sọ ìkòkò náà kalẹ̀, omi lásán ni yóò ṣí i kúrò. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú méjì yìí gba ìyà ìdajì wákàtí là. Ẹ má ṣe fi yanrìn kan ìkòkò ìgbàlódé tí wọ́n fi nǹkan dúdú bo inú rẹ̀ kí oúnjẹ má baà lẹ̀ mọ́ ọn.

Níti àmù tí a ń tọ́jú omi mímu sí, ẹ má ṣe fi ọṣẹ kankan fọ inú rẹ̀. Amọ̀ ní ihò wẹ́wẹ́ tí omi ń gbà rìn, òun ló ń mú omi rẹ̀ tutù. Ihò yẹn náà ni ọṣẹ yóò wọ̀, ẹ ó sì máa mu ún fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Yanrìn mímọ́, kànìnkànìn àti oòrùn ti tó. Àwọn wọlé-wọlé ayé ìjọba òyìnbó kò fi ọ̀rọ̀ àmù ṣeré. Bí wọ́n bá rí tanwíìjí tó ń jó nínú rẹ̀, onílé yóò rojọ́ dé kóòtù. Àwọn àgbà ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ títí di òní, ṣùgbọ́n tanwíìjí ní í di ẹ̀fọn, mi ò sì rò pé wọ́n jẹ̀bi.

ỌSÀN WẸ́WẸ́

Ohun kíkan tó wà nínú ọsàn wẹ́wẹ́ máa ń jẹ ìpẹtà. Ọ̀bẹ tàbí àdá tó dípẹtà, ẹ wọ́n iyọ̀ sí i, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e, ẹ fi sílẹ̀ fún bí wákàtí kan tàbí méjì, kí ẹ sì fi èèpo ọsàn náà gbo ó. Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣan án, ẹ nù ún gbẹ kíákíá, kí ẹ sì fi òróró díẹ̀ pa á, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò tún dípẹtà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ohun èlò idẹ tó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ náà, iyọ̀ àti ọsàn ni oògùn rẹ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ sì ti tó fún un. Nǹkan funfun líle tí omi kànga máa ń fi sílẹ̀ nínú kẹ́tùlù tún ń gbọ́ ti ọsàn: ẹ fún mẹ́ta tàbí mẹ́rin sínú omi, ẹ sè é, ẹ jẹ́ kí ó tutù, kí ẹ dà á nù.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ba ilé jẹ́ ni orí ilẹ̀. Gbogbo wa mọ òkúta mábù Ìgbẹ́tì, tí wọ́n ń wà láti inú ilẹ̀ níbẹ̀. Ohun tó wà nínú mábù ni ó bá nǹkan funfun inú kẹ́tùlù yẹn tan. Bí ọsàn bá lè jẹ ti kẹ́tùlù, yóò jẹ mábù náà. Ilẹ̀ tẹ̀ràsó kún fún àfọ́kù mábù, sìmẹ́ńtì pàápàá kò fara da ohun kíkan. Bí ẹ bá da omi ọsàn tàbí fínígà sórí wọn, ẹ ó rí i tó ń hó, ẹ ó rò pé ìdọ̀tí ló ń jáde. Ilẹ̀ yín ló ń yọ́. Omi ọṣẹ dúdú fẹ́ẹ́rẹ́ ni kí ẹ fi nù wọ́n.

OHUN TÍ A KÒ GBỌDỌ̀ PÒ PỌ̀

Àwọn ènìyàn a máa rò pé bí nǹkan méjì bá dára lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bí a bá pò wọ́n pọ̀ wọ́n á dára sí i. Ẹ dán an wò: ẹ fún ọsàn sínú omi eérú. Yóò hó gùdùgùdù, yóò dùn ún wò, lẹ́yìn náà yóò dákẹ́. Èyí tó kan ti pa èyí tó ń yọ̀, èyí tó ń yọ̀ sì ti pa èyí tó kan. Ohun tó kù nínú abọ́ kò sàn púpọ̀ ju omi lásán lọ. Bákan náà ni fínígà àti ẹ̀tù ìyan búrẹ́dì tí wọ́n ń pò pọ̀ nínú fídíò. Híhó rẹ̀ lè ti ìdọ̀tí kúrò lójú ihò omi, ṣùgbọ́n agbára tó yẹ kí wọ́n fi fọ nǹkan ti tán síbẹ̀.

Ìyẹn kàn jẹ́ òfò lásán. Èyí tó ń pa ènìyàn ni ti Hypo àti àwọn omi ìfọṣọ funfun bíi tirẹ̀. Ẹ má ṣe pò ó mọ́ ọsàn wẹ́wẹ́, mọ́ fínígà, tàbí mọ́ omi olóró tí wọ́n fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí yóò jáde láti inú rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní chlorine. Òun ni àwọn ọmọ ogun Jámánì tú sílẹ̀ sí àwọn ọ̀tá wọn nítòsí ìlú Ypres ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ní ọjọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 1915. Ohun tí wọ́n fi jagun ni ẹ ń ṣe nínú balùwẹ̀ tí kò ní fèrèsé yẹn. Ìtọ̀ pàápàá kò bá Hypo rẹ́, ó ń mú afẹ́fẹ́ olóró mìíràn jáde. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ fi omi púpọ̀ ṣan ibi tí àwọn ọmọ ń tọ̀ sí kí ẹ tó da Hypo síbẹ̀. Bí òórùn bá ti ń gún yín ní imú, tí ojú ń ta, ẹ jáde síta lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ ṣí ìlẹ̀kùn sílẹ̀, ẹ má padà lọ parí iṣẹ́.

ERUKU, ÌGBÁLẸ̀ ÀTI ILẸ̀ ILÉ

Àṣùpọ̀ ọwọ̀ la fi ń gbálẹ̀. Nígbà ọyẹ́, gbígbá ilẹ̀ gbẹrẹfu kò mú eruku jáde, ó kàn ń gbé e láti orí ilẹ̀ lọ sórí àga ni. Ẹ fi ọwọ́ wọ́n omi sílẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ tó gbá a. Ní ilé alápò sìmẹ́ńtì tàbí táìsì, aṣọ tútù tí a fún gbẹ ló dára ju ìgbálẹ̀ lọ. Omi tí ẹ fi ṣan aṣọ, ẹ má dà á nù. Ó wúlò fún wíwọ́n ìta àti fún ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Àwọn àgbà ní a kì í gbálẹ̀ lóru, pé olúwarẹ̀ á gbá ọlà ilé jáde. Ẹ wò ó bí ó ti rí nígbà tí fìtílà elépo nìkan ló wà: òrùka, ìlẹ̀kẹ̀, owó ẹyọ, gbogbo rẹ̀ lè bá ìdọ̀tí lọ sí ààtàn. Ọlà gan-an ni wọ́n ń gbá jáde.

Ní ilé amọ̀, àwọn ìyá wa ń po ìgbẹ́ màlúù mọ́ amọ̀ láti fi pa ilẹ̀ kí ó lè dán, kí ó má sì máa bó. Àwọn Háúsá ń rẹ èèpo èso igi irú sómi, wọ́n ń fi omi rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní makuba mú ilẹ̀ àti ògiri le. Ní Tiébélé, ní orílẹ̀-èdè Burkina Faso, àwọn obìnrin ń fi omi èèpo igi kan náà bo ọ̀nà tí wọ́n yà sára ògiri ilé wọn. Ní ọdún 2024 ni àjọ UNESCO kọ ààfin ìlú náà mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé. Igi irú tó wà nínú oko wa kò yàtọ̀ sí tiwọn. Mo fara mọ́ èèpo irú. Ti ìgbẹ́ màlúù, mo ní ìkìlọ̀ kan: àrùn tẹ́tánọ́ọ̀sì tó ń mú ara gan pa lè gbé inú rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ sún mọ́ ọgbẹ́ tàbí ìwọ́ ọmọ tuntun rárá.

ÌDUN ÀTI ÀWỌN KÒKÒRÒ

Fún ìdun, ẹ gbé ibùsùn síta nínú oòrùn ọ̀sán, ẹ da omi híhó sí gbogbo ojú ihò ara igi rẹ̀, ẹ fi omi gbígbóná fọ aṣọ tí ẹ fi bò ó, kí ẹ sì tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan torí ẹyin tó kù. Ewé dóńgóyárò gbígbẹ dára láàárín ẹ̀wà àti aṣọ. Èédú inú abọ́ kékeré máa ń fa òórùn ọ̀rinrin nínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fọ́n Sniper sí ibùsùn, ẹ má sì fi sí ara irun tàbí oúnjẹ. Májèlé inú rẹ̀, dichlorvos, ń gba awọ ara àti èémí wọlé. Ní ọdún 2019 ni àjọ NAFDAC fòfin de títa ìgò kékeré rẹ̀ ní ọjà àti ní ṣọ́ọ̀bù ńlá. Ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí a bu kẹrosíìnì, Hypo tàbí omi eérú sí náà jẹ́ ewu, torí ohun tí ọmọ mọ̀ mọ́ ìgò yẹn ni mímu.

IBI TÍ AGBÁRA ÀWỌN OHUN YÌÍ MỌ

Eérú, ọsàn àti ewé ìpin ń mú ìdọ̀tí kúrò. A kò lè fọkàn tán wọn láti pa kòkòrò àìsàn. Bí ẹnì kan bá ń bì tàbí ń ṣu nínú ilé nígbà kọ́lẹ́rà, irú èyí tó jà ní ìpínlẹ̀ púpọ̀ ní Nàìjíríà ní ọdún 2024, owó Hypo ni kí á ná. Ẹ ka ara ìgò rẹ̀. Bí agbára rẹ̀ bá jẹ́ 3.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ife kan Hypo sí ife mẹ́fà omi tútù ló yẹ. Ẹ kọ́kọ́ kó ẹ̀gbin kúrò, ẹ fọ ibẹ̀, kí ẹ tó dà á sí i. Ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìdọ̀tí tí a kò bá fọ̀ kúrò ni yóò lo agbára rẹ̀ tán.

FÚN ÀWỌN OLÙKỌ́

Bí ẹ bá fẹ́ kí àwọn ọmọ fojú rí ìyàtọ̀ tó wà láàárín ohun kíkan àti omi eérú, ẹ lo ìṣápá pupa, èyí tí wọ́n fi ń ṣe zobo. Ẹ fi omi gbígbóná rẹ ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ jẹ́ kí ó tutù, kí ẹ sẹ́ ẹ sínú ife mẹ́ta, ẹ má fi ṣúgà sí i. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú ife kìn-ín-ní: yóò pupa sí i, yóò sì mọ́lẹ̀. Ẹ da omi eérú díẹ̀díẹ̀ sínú ife kejì: yóò ṣú, yóò sì yí padà sí àwọ̀ ewé. Ẹ fi ife kẹta sílẹ̀ bó ti wà fún ìfiwéra. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ mú omi ọṣẹ, fínígà, omi kànga ilé ìwé àti omi tí wọ́n fi fọ ìrẹsì wá, kí wọ́n kọ́kọ́ sọ àwọ̀ tí wọ́n rò pé kọ̀ọ̀kan yóò mú jáde, kí wọ́n tó dán an wò. Kí wọ́n má ṣe tọ́ ọ wò, kí ẹ sì da gbogbo rẹ̀ nù nígbà tí ẹ bá parí.